Agogo Ìdájí Ilé Pàpá Mi

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù mi máa ń ké, ṣùgbọ́n mo ti máa ń jí kó tó ké. Mo máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí n máa gbọ́ èémí àwọn tó kù nínú ilé: ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Dáníẹ́lì àti Èbùn ọmọ wa ní yàrá kejì, tó jẹ́ pé pákó nìkan ló là wá láàárín. Bí mo bá ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo lè dìde. Mo á gbé omi kaná, mo á mú òṣùwọ̀n ibà tó wà nínú ife lójú fèrèsé, mo á sì wọlé tọ àwọn ọmọ. Kí n tó kí wọn, kí n tó ní ká gbàdúrà, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: kí ló ń dùn yín? Ọkọ mi ní ilé wa dà bí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Ó fi ń ṣe àwàdà nígbà tí Dáníẹ́lì ṣì kéré. Kò fi ṣe àwàdà mọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn, bí ìyá tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀ ṣe lè to àárọ̀ ilé rẹ̀ tí ti Ọlọ́run á fi ṣáájú, torí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ mi kì í pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Mo jókòó láti kọ ọ́. Ọdún kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lọ́kàn: ọdún tí Pàpá mi to àárọ̀ tiwa ní Ifangni, ìlú kan lẹ́bàá ààlà níhà ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, tí etí Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi sì dákẹ́ títí dòní.

Agboolé wa kò jìnnà sí ọ̀nà tó lọ sí ẹnubodè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí ni a máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni alùpùpù àwọn zẹ́mí tó ń gbé èrò lọ sí ojú ààlà, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀ ìyàwó aládùúgbò wa, tó máa ń gbálẹ̀ bíi pé ilẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ikọ́ Ìyá àgbà, ìyá tó bí Pàpá. Bí wọ́n bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a mọ̀ pé wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n ń retí wa. Àwa mẹ́ta ni Pàpá bí: èmi ni àkọ́bí, mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá; Josẹ́fù tẹ̀ lé mi; Àbẹ̀kẹ́ ni àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń lọ kí Ìyá àgbà, a kì í lọ pọ̀. Wàá kúnlẹ̀, wàá kí wọn, wọn ò sì ní tètè dáhùn. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ, ọwọ́ tó le bí èèpo igi, wọ́n á fà ọ́ mọ́ra, wọ́n á wo ẹyinjú rẹ, wọ́n á gbóòórùn ẹnu rẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa kì ọ́. "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí a fi ẹ̀bẹ̀ gbà, tí a kò gbọdọ̀ fi ìyà tọ́." Wọ́n á bi ọ́ léèrè ohun tí o lá lóru, ẹ̀gbẹ́ tí o fi sùn, ìdí tí o fi ń họ apá. Lójú mi nígbà náà, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ̀kọ bá ń hó lórí iná nígbà tí Josẹ́fù wọlé, á ti ki kí Àbẹ̀kẹ́ tó jáde.

Àárọ̀ wa kò jẹ́ ìṣòro fún ẹnikẹ́ni títí ilé ẹ̀kọ́ fi wọlé ní ọdún yẹn. Wọ́n gbé Pàpá, tó jẹ́ olùkọ́, kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa lọ sí Lagbé. Wọ́n sì gba Màmá síṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí, níbi tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́, tí wọ́n ń fọwọ́ kan iwájú orí wọn, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sínú káàdì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Pàpá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá wọn wí lójú àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́. Mo mọ̀ torí pé wọ́n sọ ọ́ fún Màmá ní ilé ìdáná, wọn kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mò ń ṣa ẹ̀wà. Ohùn tí Pàpá fi sọ ọ́, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, oníwàásù sọ pé ilé tí kò bá mọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́ bá a, kò lè mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ṣú bá a. Pàpá kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan. Nígbà tí a délé, wọn kò bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mú rúlà, wọ́n mú bírò pupa àti aláwọ̀ sánmà, wọ́n sì fa ìlà.

Mo lè ka ìwé náà lórí dòní. Aago márùn-ún, agogo. Márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, àdúrà àti kíka Bíbélì. Márùn-ún ààbọ̀, omi àti ilẹ̀ gbígbá. Mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwẹ̀. Mẹ́fà, oúnjẹ. Mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú ogún, kíkí àwọn àgbà, lápapọ̀, ìṣẹ́jú kan. Ìlà pupa ni wọ́n fi sàmì sí "lápapọ̀". Agogo náà jẹ́ agogo ọwọ́ kan tí ilé ẹ̀kọ́ kò lò mọ́, tí etí rẹ̀ ti sán díẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ń ta eyín. Màmá fi ògì lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀. Èmi ni wọ́n fún ní pẹ́ńsù láti máa sàmì sí ohun tí a bá ti ṣe, nítorí èmi ni àkọ́bí, mo sì fẹ́ràn kí nǹkan tò. Inú mi dùn débi pé mo ń gbé pẹ́ńsù náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Òfin kan wà tí kò sí nínú ìwé. Pàpá ní ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Kristẹni láàárọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọpẹ́. Àròyé lè dúró. Nítorí náà, bí a bá ti jókòó fún àdúrà, wọ́n á bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe jí, a ó sì dáhùn pé a dúpẹ́. Ní ọjọ́ kejì ètò tuntun náà, ẹ̀gún ọ̀pẹ ti wọ atẹ́lẹsẹ̀ mi, ó sì ti wú. Nígbà tó kàn mí, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Pàpá wò mí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Faransé kan tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọn kò fẹ́ kí a jiyàn lé.

"Bọ́n," ni wọ́n wí. "Olúwa jí ọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò jí. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́? Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Wọn kò pariwo, wọn kò nà mí; Pàpá kì í ṣe òǹrorò. Màmá fẹ́ wo ẹsẹ̀ náà lẹ́yìn àdúrà, ṣùgbọ́n aago márùn-ún ààbọ̀ ti lù, omi sì ń dúró dè mí. Ẹ̀gún náà jáde fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé ì bá sàn kó má jáde, torí jíjáde tó jáde yẹn ló jẹ́ kí gbogbo wa gbà pé bí a bá ti dúpẹ́, ìyókù á yanjú ara rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, ó ń wò. Ọmọ tó máa ń fẹ́ kí wọ́n yìn ín ni. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá kàn án, á pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, á ní, "A dúpẹ́ gan-an ni." Pàpá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì já etí búrẹ́dì wọn fún un nígbà oúnjẹ.

Ìyá àgbà náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló wà láàárín wọn àti Pàpá. Ohun tó dùn wọ́n ni ìkíni. A ó dúró sí àárín àgbàlá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, báàgì lẹ́yìn, a ó kúnlẹ̀ kíákíá, a ó ní ẹ kú ojúmọ́ o, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán a ti dìde. Láti ìgbà náà ni Ìyá àgbà ti ń pe Pàpá ní Mẹ́tìrù, bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń pe olùkọ́ wọn lédè Faransé. Wọ́n á ní: Mẹ́tìrù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wúkọ́ báyìí, àbí kò ì tó aago? Pàpá á rẹ́rìn-ín, ojú á sì tì wọ́n díẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí Ìyá àgbà kò fi ṣe àwàdà, wọ́n ní àwọn kò fọwọ́ kan àwọn ọmọ ọmọ àwọn láti ìgbà tí ìwé yẹn ti gun ilẹ̀kùn. Pàpá ní kí wọ́n má bínú, àkókò ni kò sí, wọ́n lè máa kì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́.

"Ìrọ̀lẹ́ kọ́ ni ara ń sọ tẹnu rẹ̀," ni Ìyá àgbà wí. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin wá ń kọ́ ọmọ ní dídákẹ́."

Aago mẹ́fà ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, Pàpá sì ti gun kẹ̀kẹ́ alùpùpù wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, torí àwọn tó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí yóò fẹ́ mọ̀: ètò náà ṣiṣẹ́. Pàpá kò pẹ́ mọ́. Màmá kò wá aṣọ iṣẹ́ wọn láàárọ̀ mọ́, wọ́n ti máa ń kọ́ ọ láti alẹ́. Àwa ọmọ mọ Sáàmù mẹ́jọ sórí kí ọyẹ́ tó dé. Nígbà ọyẹ́ ni ó ṣẹlẹ̀. A wà nídìí pọ́ńpù, èmi àti Àbẹ̀kẹ́, ó sọ fún mi pé ẹnìkan ń gúnyán nínú etí òun. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni, odó náà kò dúró. Mo ní kó sọ fún Màmá. Ó bi mí bóyá Pàpá á ní kí òun tún un sọ. Mo ní bó bá sọ ọ́ nígbà àdúrà, bẹ́ẹ̀ ni. Kó dúró di ẹ̀yìn àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àdúrà ni omi, ẹ̀yìn omi ni ìwẹ̀, kò sí ihò kankan nínú ìwé náà tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè gbà wọlé. Mo pinnu pé èmi fúnra mi á sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá sùn sórí àga kí wọ́n tó bọ́ bàtà. Ní ọjọ́ kejì, mo fi ìyẹ́ adìyẹ kán àdín lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i létí, bí mo ṣe rí i tí Ìyá àgbà ń ṣe. Ó sùn dáadáa, mo sì rò pé ó ti tán. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní odó náà ti di méjì. Mo ní kó mú sùúrù di Sátidé, torí Màmá kì í lọ síṣẹ́ ní Sátidé. Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà. Ní àárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó ní a dúpẹ́ gan-an ni, èmi náà sì fi pẹ́ńsù sàmì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, agogo dún, a jókòó. Àbẹ̀kẹ́ wà láàárín èmi àti Josẹ́fù, ó fi aṣọ ìbora bo orí. Nígbà tó kàn án, Pàpá bi í bó ṣe jí. Kò dáhùn. Wọ́n tún bi í. Ó gbójú sókè, ó wo ẹnu Pàpá bí ẹni tó ń wo ohun tó wà lókèèrè, ó wá ní, "A dúpẹ́ gan-an ni." Ohùn rẹ̀ ga jù. Josẹ́fù rẹ́rìn-ín. Pàpá ní kó máa rọra sọ̀rọ̀ níwájú Olúwa, wọ́n sì ṣí Bíbélì. Mo ti dìde lọ sàmì sí àdúrà kí a tó kà á tán, kí ó má baà pẹ́.

Ẹsẹ kejì ni a wà nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ìyá àgbà ni. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ohùn ọmọ yẹn ni àwọn gbọ́ láti yàrá, kì í ṣe bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń rí. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú Àbẹ̀kẹ́, bí wọ́n ṣe dàgbà tó yẹn, wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora lọ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti tẹ orí rẹ̀ síwájú, orí náà kò tẹ̀, ọmọ náà sì ké igbe kan tó kúrú.

"Ẹ pa Bíbélì yẹn dé," ni Ìyá àgbà wí, wọn kò gbóhùn sókè. "Ẹ wá fọwọ́ kan ọmọ yín."

Màmá fọwọ́ kàn án. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan, ọwọ́ yẹn ti kan iwájú orí ọmọ ọlọ́mọ tí n kò lè kà. Mo rí ojú wọn nígbà tí ọwọ́ náà débẹ̀, n kò sì fẹ́ kọ bó ṣe rí. Zẹ́mí kan ló gbé Màmá àti Àbẹ̀kẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ọkọ̀ gbé wọn láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, Pàpá sì tẹ̀ lé wọn lórí alùpùpù tiwọn. Wọn kò lọ sí Lagbé lọ́jọ́ náà. Dókítà ní yírùnyírùn ni, ó sì dà bíi pé láti inú etí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó bi Màmá ọjọ́ tí etí ti ń dun ọmọ náà. Màmá ní àwọn kò mọ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Ìyá àgbà nígbà tí wọ́n délé wá mú aṣọ: kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, mo gbọ́ ọ, n kò lanu. Màmá kú lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọn kò mọ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ sọ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Àbẹ̀kẹ́ lò kó tó padà wálé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ti fá orí rẹ̀. Pàpá àti Màmá ti mọ̀ nípa etí rẹ̀. Wọn kò sọ fún àwa ọmọ, tàbí kí n ní wọn kò tíì gbà á fúnra wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Pàpá dìde ní aago márùn-ún, wọ́n sì lu agogo. Èmi àti Josẹ́fù jókòó. Àbẹ̀kẹ́ kò mira. Pàpá wọ yàrá wa, wọ́n gbé àtùpà kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n lu agogo náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, jẹ́jẹ́. Wọ́n lù ú sí i, kì í ṣe jẹ́jẹ́ mọ́. Ajá aládùúgbò ń gbó. Ọmọ náà sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń mí geere. Pàpá di ahọ́n agogo náà mú, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ bá wọn níbẹ̀. A kò gbàdúrà lọ́jọ́ náà, n kò sì sàmì sí ohunkóhun. Nígbà tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ìwé náà kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Àpá ògì ló kù, funfun, onígun mẹ́rin, ó sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi ta ilẹ̀kùn náà.

A padà sí ẹnu ọ̀nà Ìyá àgbà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Pàpá ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọn kò sì bìkítà. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá kúnlẹ̀, Ìyá àgbà kò yé kì í. Wọ́n á gbé ẹnu sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí èémí oríkì náà lè máa kàn án lára, òun náà á sì dijú.

Nísinsìnyí tí mo ti di ìyá, tí mo ń bá ẹgbẹ́ wa kọ̀wé, kí ni mo fẹ́ sọ? N kò lè ní kí ẹnikẹ́ni má dúpẹ́. Ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run. N kò lè bú Pàpá, torí mo mọ ohun tí ìbáwí lójú àwọn ọmọdé lè ṣe sí olùkọ́. Mo kàn yí ètò náà padà ni, mo fi ìrora ṣáájú ọpẹ́, mo sì rò pé mo ti tún un ṣe. Ọdún méje ni mo fi ń bi àwọn ọmọ mi léèrè láàárọ̀ ohun tó ń dùn wọ́n, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Èbùn, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, kì í ṣaláìní nǹkan: ìgúnpá, inú, ìka ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ojú. Mo ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn kì í rí nǹkan kan.

Nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá, Àbẹ̀kẹ́ wá lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Aránṣọ ni, ó ní ilé tirẹ̀ ní Ko-Koumolou, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn débi pé àlejò kì í tètè mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ, ó ń wò wá. Mo bi Èbùn léèrè ohun tó ń dùn ún. Ó ronú díẹ̀, ó ní etí òun ni. Mo ti ń wá tọ́ọ̀ṣì, mo ti ń pe ọkọ mi, nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ di ọwọ́ mi mú, ó sì mú mi jáde sí ilé ìdáná. Ohùn rẹ̀ ṣì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, etí ọmọ yẹn kò dùn ún," ló wí. "Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó ń fún yín ní ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni, bí èmi náà ṣe fún Pàpá."

Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ní ọjọ́ tó bá jẹ́ òótọ́. Mo tún wí pé mo mọ̀ nígbà náà, pé ó sọ fún mi nídìí pọ́ńpù, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò jọ ọ́ lójú. Ó ní òun ò gbàgbé, pé èmi náà kò ju ọmọdé lọ. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó ń ro ògì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, n kò mú òṣùwọ̀n ibà. Mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo jókòó, mo sì ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dáníẹ́lì rò pé mo ń ṣeré. Nígbà tí Èbùn dé, ó kúnlẹ̀, ó dúró de ìbéèrè, n kò bi í. Mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kì í, díẹ̀ tí mo rántí, mo sì kọsẹ̀ níbi méjì. Ó wojú mi, ó ń wá ohun tó yẹ kí ó sọ. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọrùn rẹ̀ tutù, kò sí ibà níbẹ̀. Aago mẹ́fà lù, ó kọjá, n kò sì tíì lè gbé ọwọ́ mi kúrò.